Pupa Wo Ni Bàbá Rí?

Tábìlì mi àti ti Ìyá Ojú-Dúdú ló kọjú síra ní ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Àwa la fún un lórúkọ yẹn. Àwòrán kéékèèké ni gbogbo wa máa ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ní tirẹ̀, ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí nìkan ló mọ̀. Tó o bá ní kó fi máòsì ṣe nǹkan, á wò ọ́ bíi pé o ní kó fi ẹsẹ̀ jẹun.

Àṣẹ kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, tput ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n fi ń bi ojú kọ̀ǹpútà léèrè ohun tó lè ṣe: lẹ́tà mélòó ló lè gba orí ìlà kan, àwọ̀ mélòó ló mọ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń ní kó kọ ọ̀rọ̀ ní àwọ̀ ewé, kó mú un nípọn, kó tún padà sí bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa tí kò gbọ́ ìwàásù rẹ̀: "Bi í kó o tó rán an níṣẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà." Ó ti sú mi débi pé èmi ni mo máa ń bá a parí rẹ̀.

Nígbà tí ojú Bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sára aláìsàn kò rí nọ́ńbà ara fíríìjì mọ́, Ìyá Ojú-Dúdú ló bá a wá nǹkan ṣe sí i. Ó kọ ètò kan tó ń fi orúkọ fíríìjì ẹ̀jẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn gàdàgbà-gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà Bàbá, ní àwọ̀ tó ń sọ bí wọ́n ṣe tutù sí, láìsí nọ́ńbà kankan. Ó tún kọ ìwé mọ́ ògiri fún un: àwọ̀ ewé, ó dára; rúsúrúsú, ó ti ń móoru, kó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ sí òmíràn kíá; pupa, ó ti bàjẹ́, dà á nù. Bàbá ṣàdúrà fún un títí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àbúrò rẹ̀ ń bímọ. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Wọ́n ti gbé àbúrò wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á dìde, á tún jókòó. Ibẹ̀ ni Bàbá ti pè é.

"Ìyá, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ wà lọ́dọ̀ àbúrò yín. Fíríìjì kẹta ti yí àwọ̀ padà."

"Àwọ̀ wo, Bàbá?"

"Ó pupa."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ojú mi ò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Iwájú ẹ̀ ni mo wà yìí. Ó pupa."

"Ẹ ṣe ohun tí ìwé wí, Bàbá. Ẹ dà á nù."

Ẹyin lohùn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà tí nọ́ọ̀sì yọjú, aṣọ rẹ̀ kò mọ́ mọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ń ya lára aláìsàn yín. Irú tiẹ̀ ò wọ́pọ̀, báàgì mẹ́rin péré la ní, fíríìjì kẹta ló sì wà. A ń pe Bàbá, kò gbé fóònù."

Ìyá Ojú-Dúdú ti dìde. Èmi ló kọjú sí. "Mi ò bi í pé pupa wo," ó ní.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Lẹ́nu wa, ọsàn tó pọ́n, ó pupa. Obìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pupa. Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Rúsúrúsú tó kọ sára ògiri pàápàá, pupa rúsúrúsú ni ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti bá a ṣiṣẹ́, mi ò rí i kó sáré rí, àfi lọ́jọ́ yẹn. Mo tẹ̀ lé e. A bá Bàbá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Báàgì mẹ́ta ti wọ inú ike ìdọ̀tí tí wọ́n ń kó lọ sun, ohun tó bá sì ti wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́ mọ́. Ẹ̀kẹrin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dúró."

Ìyá Ojú-Dúdú fúnra rẹ̀ wo òṣùwọ̀n ìgbóná tó wà lára fíríìjì. Méje. Tó bá kọjá mẹ́fà ló ń móoru. Ó dìgbà tó bá kọjá mẹ́wàá kó tó bàjẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà Bàbá, orúkọ fíríìjì kẹta dà bí irin tó dógùn-ún.

"Ṣé mo ṣì í ṣe ni?" Bàbá béèrè. Ìyá Ojú-Dúdú gba báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó sáré padà.

"Ọ̀kan ṣoṣo?" nọ́ọ̀sì ní.

"Ọ̀kan ló kù."

Ìyá Ojú-Dúdú kò lè jókòó mọ́. Ó padà lọ bá kọ̀ǹpútà Bàbá, ó sì bi í pé àwọ̀ mélòó ló mọ̀. Mẹ́jọ, ni kọ̀ǹpútà wí. Tirẹ̀ ní ọ́fíìsì mọ igba àti mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, rúsúrúsú sì máa ń tàn níbẹ̀ yinrin. Ti Bàbá yìí, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ ní kó mú lẹ́tà nípọn kó tó lè tàn; láìṣe bẹ́ẹ̀, rúsúrúsú á ṣókùnkùn bí ìpẹtà, á sì jọ pupa. Ìdáhùn náà kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí ara mi, nítorí èmi tí mò ń bá a parí ìwàásù, mi ò bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó ti bi kọ̀ǹpútà Bàbá léèrè.

Àbúrò kò kú, ọmọ náà kò kú. Ṣùgbọ́n dókítà ní ká ní ẹ̀jẹ̀ tó lọ́wọ́ òun ni, òun ì bá ní sùúrù títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Kò tó, ni wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án, nígbà tí àbúrò lajú, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sáré lọ gbé ẹ̀jẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣé."

"Mẹ́rin ló wà níbẹ̀," Ìyá Ojú-Dúdú ní. "Èmi ni mo ní kí wọ́n da mẹ́ta nù."

Àbúrò fa ọwọ́ rẹ̀ padà sábẹ́ aṣọ. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ẹ gbé e," ó ní, "mi ò lè dìde."

Ìyá Ojú-Dúdú gbé ọmọ náà. Àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ó dúró gbé e títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní kó jókòó.