Táyà Tí Cecilia Jókòó Lé

Tí Cecilia Fáṣínà bá ti gun ẹ̀rọ ìgékoríko yẹn, ẹ má wulẹ̀ pè é, kò ní í gbọ́. Kì í ṣe ìgbéraga o. Bí ẹ̀rọ bá ti ń kùn bí oyin, tí òórùn koríko tútù ń gòkè, ọkàn rẹ̀ á ti kúrò ní pápá iléèwé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, á ti dé Ifẹ̀wàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lábẹ́ igi kòkó bàbá rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń jò wálẹ̀ láàárín ewé bí omi ṣe ń jò nínú ajere. Ọdún mọ́kànlá ló fi fi àdá gé pápá yẹn kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ tí èèyàn ń jókòó lé. Ẹni tó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ látàárọ̀ wá di ẹni tó ń fò lórí ilẹ̀. Ta ló máa fẹ́ sọ̀ kalẹ̀?

Ẹ̀gún ni kò jẹ́. Ẹ̀gún kéékèèké kan wà létí pápá, ó mú bí abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá lẹ táyà lónìí, tó bá di ọ̀túnla, ó ti tún jò. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Ìyáàfin Julianah tó ni iléèwé dúró ti ẹ̀rọ tó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

"Ìyá Tóyìn," bó ṣe máa ń pe Cecilia nìyẹn, "ó ti sú mi. Ẹ lọ wá táyà tí kì í jò. Tó bá tún dá dúró lẹ́yìn ìyẹn, mo ń tà á ni. Mo ti bá àwọn tó ń fọ́n oògùn apakoríko sọ̀rọ̀, àwọn ni n ó ní kó wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Cecilia lára ju ẹ̀gún lọ. Ló bá gbé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà rù, ó di Òṣogbo, lọ́dọ̀ Mùstàfá, oníbàárà rẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, tó ń ta táyà nítòsí Ọjà Ọba. Mùstàfá wọn ihò àárín rẹ̀, ó wọlé, ó sì yí táyà méjì jáde.

"Màmá, èyí, kìkì rọ́bà ni látòkè délẹ̀. Èyí, fóòmù líle ló kún inú ẹ̀. Kò séyìí tó ń lo atẹ́gùn nínú wọn. Ẹ̀gún kàn máa gún un lásán ni."

Cecilia gbé méjèèjì wò. Ọmọ olóko kòkó ni; láti kékeré ló ti mọ̀ pé ohun tó bá wúwo lórí ìwọ̀n ló dáa, èyí tó fúyẹ́ ti bàjẹ́ nínú. Ó di èyí tó jẹ́ kìkì rọ́bà mú.

"Èyí ni. Ó wúwo."

"Kòkó kọ́ là ń rà o, Màmá! Ilẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ó rọ̀. Tójò bá rọ̀, ẹsẹ̀ á máa rì."

"Hẹn-ẹ́n. Èyí tẹ́ ẹ dì mú yẹn á máa ya ilẹ̀ bí ọkọ́ ni. Á sì máa mì yín jìgìjìgì."

Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó Cecilia. Ó da táyà náà dùbúlẹ̀, ó tún ìró ró, ó jókòó lé e, ó di ojú. Àwọn alábàárù dúró, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká," Mùstàfá ń rẹ́rìn-ín, "ẹ̀ bá kúkú gbé ẹní wá."

"Panu ẹ mọ́, jẹ́ n gbọ́ ohun tó ń sọ."

Èyí tó wúwo ò sọ nǹkan kan; bí àpáta ló rí lábẹ́ ìdí. Ó ṣí lọ sórí ìkejì. Ìyẹn gbà á díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀ abẹ́ kòkó tí ewé gbígbẹ ti ń bọ́ sí fún ogún ọdún. Ariwo ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà. Ó rí bàbá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń gbin ọmọ kòkó, tó ń ké mọ́ ọn pé kó bọ́ bàtà, pé ilẹ̀ tí a bá tẹ̀ pa kì í mí mọ́.

"Màmá? Ṣé ẹ ti sùn ni?"

"Mo ti dé," ni Cecilia wí. "Irú èyí ni kó o wá fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti de àwọn táyà náà mọ́ ẹ̀rọ tán. Ìyáàfin Julianah dúró létí pápá, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Cecilia ò yà fún ẹ̀gún. Àárín rẹ̀ gan-an ló gbà, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gún mẹ́fà ló dúró ṣinṣin lára táyà, táyà ò sì tẹ̀. Ìyáàfin fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó wo ẹ̀yìn ibi tí ẹ̀rọ gbà: koríko ti gé, ilẹ̀ ò ya.

Kò yìn ín o. Fóònù ló fà yọ. Cecilia di ẹ̀rọ mú, kò tíì gùn ún, ó ń retí.

"Ẹ̀yin olóògùn," ni Ìyáàfin wí sínú fóònù, "ẹ má wulẹ̀ wá mọ́. A ní ẹni tó ń gé e."