Rédíò Pupa Àrínọlá

Ní Pápá Àjàó, ní Mushin, lọ́dún 1975, kò sí ẹni tí kò mọ Àrínọlá, ìyá Abọ́sẹ̀dé, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ọ̀yìngbò. Kì í jà, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbà kí ẹnikẹ́ni rẹ́ òun jẹ. Bó bá ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, rédíò pupa rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tàn kó tó bọ́ bàtà.

Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, ayọ̀ kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Wọ́n ti pe àwọn ọmọ ilé ìwé Abọ́sẹ̀dé pé kí wọ́n wá kọrin lórí rédíò láàárọ̀ Sátidé, Abọ́sẹ̀dé gan-an ni yóò sì máa lé orin náà. Àrínọlá ti ké sí gbogbo ilé, láti yàrá iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé, pé kí wọ́n wá gbọ́ ọmọ òun. Ohun kan ló kù. Okùn tó ń fa abẹ́rẹ́ ojú rédíò náà ti já, abẹ́rẹ́ sì dúró gbagidi sí ibi tí Abọ́sẹ̀dé kò ní í kọrin. Ló bá gbé e lọ fún Olúdayọ̀, atúnrédíòṣe tó wà ní ìkòríta.

"Okùn lásán ni, Ìyá Abọ́sẹ̀dé," ni Dayọ̀ wí. "Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Àrínọlá gbé e kalẹ̀, ó sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Kò dúró kí wọ́n tan án lójú rẹ̀.

Nígbà tó padà dé lọ́jọ́bọ̀, abẹ́rẹ́ ń lọ ó ń bọ̀ geerege, ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde dà bí ti ewúrẹ́ tó ki orí bọ agolo.

"Dayọ̀, kí lèyí?"

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbé e wá, mà. Sípíkà rẹ̀ ti ya. Ẹ ó ra òmíràn ni."

"Èmi? Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ ketekete ni mo gbé fún ọ!"

"Ta ló gbọ́ ọ, mà? Èmi ò tan án lọ́jọ́ náà."

Àrínọlá fi rédíò náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó jáde, ó lọ dúró nídìí agbada Sìmíátù tó ń din dùńdú ní òdìkejì ọ̀nà. Sìmíátù kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀.

"Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ẹ ò rí i bí àdúgbò yìí ṣe pa lọ́lọ́? Ẹ ṣáà mọ àwọn atúnrédíòṣe, rédíò oníbàárà tí ohùn rẹ̀ bá dùn jù ni wọ́n máa ń gbé síta fi pe èrò. Dayọ̀ rí ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí! Èrò ń dúró gbọ́ ọ, dùńdú mi ń tà wàrà. Àfi lánàá tó yí i sókè jù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Rédíò wo?"

"Pupa kan báyìí. Wọ́n wé òwú aláwọ̀ ewé mọ́ ọwọ́ rẹ̀, bí adìyẹ tí olówó rẹ̀ sàmì sí lẹ́sẹ̀."

Àrínọlá ta gìrì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wé òwú náà!

"Sìmíátù, sọ agbada kalẹ̀!"

"Yéè! Kí ló ń jó?"

"Irọ́ Dayọ̀ ló ń jó! Dìde, jẹ́ ká lọ!"

Ilé Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, olórí ẹgbẹ́ àwọn atúnrédíòṣe, ni wọ́n gbà lọ tààrà. Nígbà tí wọ́n fi mú bàbá dé ṣọ́ọ̀bù Dayọ̀, èrò ti tò lẹ́yìn wọn bí ẹni ń sin ìyàwó.

"Dayọ̀," ni bàbá wí, "ṣé o gbé rédíò obìnrin yìí síta àbí o ò gbé e?"

"Bàbá, n kò mọ̀ pé..."

"Kò mọ̀ kẹ̀!" Onígbàjámọ̀ ìtòsí ló já lu ọ̀rọ̀. "Rédíò tí mo ń jó sí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí oníbàárà dànù!"

Ẹ̀rín bú jáde. Dayọ̀ sorí kọ́.

"Okùn ni wọ́n ní kí o so," ni Ọ̀jẹ̀túndé wí. "Ta ló ní kí o fi pe èrò? Ohun tí wọ́n bá gbé fún wa, ọrùn wa ló wà títí olówó rẹ̀ yóò fi gbà á padà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tó wọlé ni yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ jáde. Sípíkà tuntun ni kí o fi sí i, kì í ṣe àlòkù, ìwọ ni yóò sì rà á. Kí o tan án lójú wọn kí wọ́n tó gbé e."

Dayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde. Sátidé lọmọ mi ń kọrin. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́, ohùn ni mo fẹ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni Dayọ̀ tó rí sípíkà tó bá a mu rà. Láàárọ̀ Sátidé, èéfín òjé tí Dayọ̀ fi lẹ sípíkà mọ́ ọn ṣì ń rú lára rédíò nígbà tí Àrínọlá sáré wọlé. Ètò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè gbé e délé mọ́. Ó wo Dayọ̀, ó wo bẹ́ǹṣì tó wà níta.

"Gbé e síta."

"Mà?"

"Lónìí, èmi tí mo ni ín ni mo ní kí o gbé e síta! Sìmíátù, bá mi sáré pe àwọn ará ilé!"

Wọ́n dé tìrìgbọ̀ngbọ̀n, ẹlòmíràn pẹ̀lú orín lẹ́nu, ẹlòmíràn pẹ̀lú ọṣẹ létí. Rédíò wúkọ́ díẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dárúkọ ilé ìwé, ni ohùn Abọ́sẹ̀dé bá la gbogbo ìkòríta já, ó mọ́ gaara bí omi òwúrọ̀. Ariwo àdúgbò dákẹ́. Onígbàjámọ̀ pàápàá ká abẹ sókè, kò fá orí mọ́.

Inú Dayọ̀ dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó na ọwọ́ láti yí i sókè sí i.

"Dayọ̀, ọwọ́ ẹ!" ni Àrínọlá wí láàárín omijé àti ẹ̀rín. "Ó tó bẹ́ẹ̀."

Dayọ̀ ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, Abọ́sẹ̀dé sì ń kọrin lọ.