Oògùn Ò Mọ Ààwẹ̀

Ojú fèrèsé kékeré kan ni mo ti kọ́kọ́ mọ àwọn ará Ìlọrin. Mo rántí bí igi etí fèrèsé náà ṣe ń dán nítorí ọwọ́ àwọn aláìsàn tó ti ń fara tì í láti ọdún pípẹ́, mo sì rántí òórùn oògùn ikọ́ tí à ń pò, tó máa ń bá mi dé yàrá tí mo háyà ní Fátè, tí ìyá onílé mi á máa béèrè bóyá ara mi ò yá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ọmọ tíṣà, ọmọ ìjọ. Iṣẹ́ apoògùn òyìnbó ni wọ́n gbà mí fún ní ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú. Aláìsàn tó bá wá rí dókítà tó sì fẹ́ padà sílé, ọ̀dọ̀ wa ní fèrèsé ló ń gbẹ̀yìn sí. Àwa là ń kó oògùn fún un, àwa náà là ń sọ bí yóò ṣe lò ó nígbà tí kò bá sí nọ́ọ̀sì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn ló ń pè mí ní Dókítà, èmi náà ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó ṣì í pè.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni kí èèyàn gba oògùn kó má lò ó tán. Wọ́n á lò ó títí ara á fi fúyẹ́, wọ́n á wá ká ìyókù sábẹ́ ìrọ̀rí, tàbí kí wọ́n bù ú fún àbúrò wọn tí orí ń fọ́. Nítorí náà mo sọ ara mi di ọlọ́pàá oògùn. Ọ̀rọ̀ mi mú, ó sì yá, ẹ̀rín máa ń wà nínú rẹ̀ kó má baà dun èèyàn jù, mo sì gbà pé ẹ̀bùn ni. Ọ̀gá wa, ìyá àgbàlagbà kan tó ti ń ṣiṣẹ́ apoògùn kí wọ́n tó bí mi, wò mí títí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ yá ju etí rẹ lọ.” Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọjọ́rú ni Baba Àáfà sì máa ń wá. Wọ́n ní ilé kéwú ní Pákátà, orí ni wọ́n sì kó gbogbo Àlùkùránì sí. Lóṣù ààwẹ̀, àwọn ni wọ́n ń ṣíwájú ìrun àsámù tí wọ́n ń kí lálaalẹ́ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, wọn ò ní wo ìwé títí wọ́n á fi ka Àlùkùránì tán. Àbíkẹ́yìn wọn ju mí lọ, síbẹ̀ “ẹ” ni wọ́n máa ń bá mi sọ. Oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, ẹyọ kan láràárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, irú èyí tí agbára rẹ̀ máa ń wà lára látàárọ̀ títí di òru. Mo máa ń fa ìlà kan sára àpò oògùn náà fún wọn bí ẹni tí kò mọ̀wé, èmi tí n kò lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ìwé tí wọ́n há sórí. Wọn ò jẹ́ kí oògùn náà fò wọ́n rí. Àwọn ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù, pé kí wọ́n wo Baba, kí wọ́n kọ́ṣe wọn.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n rí oṣù ààwẹ̀ lọ́dún náà. Ooru mú bíi kí èèyàn bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ìlà àwọn aláìsàn sì ti wọ́ dé ìdí igi máńgòrò ìta. Nígbà tí mo na oògùn sí Baba Àáfà, wọn ò tètè gbà á.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Báwo ni ká ti wá ṣe toògùn yìí?”

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n kọ́ mi, mo sì yege nínú rẹ̀. Ká ní mo dúró mu omi lásán, ǹ bá rántí pé oògùn yẹn àti inú òfìfo ọjọ́ gígùn kì í ṣe ọ̀rẹ́, pé ó lè fa ṣúgà ara ẹni tí kò jẹun wálẹ̀ kọjá ààlà, ǹ bá sì ní kí wọ́n padà lọ bá dókítà kó tó di pé oṣù lé. Àmọ́ ìlà gùn, ẹnu mi sì yá.

“Baba, oògùn ò mọ ààwẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó fò yín lọ́jọ́ kan.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn bú sẹ́rìn-ín. Baba náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún un sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ọmọ kéwú ń há wàláà rẹ̀ sórí: “Oògùn ò mọ ààwẹ̀. Ó dáa, Ọlọ́hun á jẹ́ kó jẹ́.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ èmi náà débi pé mo tún un sọ fún ẹlòmíì kí ọjọ́ tó kanrí. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìyàwó Baba ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà. Wọ́n ń lo oògùn náà ní gbogbo sàárì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹ ju ẹ̀kọ díẹ̀ lọ ní sàárì. Nígbà tí ààwẹ̀ dé ìlàjì, lẹ́yìn ìrun àláásárì, òógùn bò wọ́n níwájú àwọn ọmọ kéwú, ọ̀rọ̀ wọn sì ń lọ́ pọ̀. Àwọn kan ní òùngbẹ ni. Àwọn kan ní Àáfà ń bá ohun tí ojú wa ò rí sọ̀rọ̀ ni. Ìyàwó wọn fẹ́ fi oyin sí wọn lẹ́nu, àwọn ará ilé ní kó ní sùúrù, oòrùn ti fẹ́ wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ba ààwẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun tí àkókò ìṣínu tó, Baba ò lè gbé omi mì mọ́, wọ́n sì sáré gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa.

N kò lè di ẹ̀bi ru àwọn ará ilé. Wọn ò mọ̀, èmi ni mo mọ̀. Baba fúnra wọn mọ̀ ju gbogbo wa lọ pé Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn kó má gba ààwẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi béèrè nìyẹn. Ká ní mo sọ pé, “Baba, ẹ má gbààwẹ̀,” wọn kì bá tí gbà á, torí wọn ò kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ rí.

Wọ́n sùn ní wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mélòó kan kí ojú wọn tó là. Wọ́n mọ ìyàwó wọn, wọ́n mọ ilé wọn, ṣùgbọ́n Àlùkùránì ti já nínú wọn káàkiri. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sùúrà kan, ohùn wọn á dùn bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á dé àárín, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo ọwọ́ wọn. Ẹlòmíì ló parí àsámù ọdún náà. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa. Wọn ò pariwo lé mi lórí, ì bá sì sàn fún mi bí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, “Aláìsàn bi ọ́ ní ìbéèrè, o fi ṣe àwàdà. Lọ sọ fún un fúnra rẹ. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́.”

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, mo lọ sí Pákátà. Ìyàwó Baba fún mi lómi, mo jókòó lórí ẹní, kí n sì tó lanu ni Baba ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé àwọn ò jẹ́ kí oògùn fo àwọn lọ́jọ́ kan nínú ààwẹ̀, bí mo ṣe wí. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní oògùn náà ló dá wọn dùbúlẹ̀, èmi ni mo sì ní kí wọ́n lò ó. Ìyàwó wọn gbé ife omi náà kúrò níwájú mi, ó wọlé lọ. Baba ní, “Ẹ dìde, Dókítà. Mo ti forí jìn yín. Ọlọ́hun ló ń fúnni, Òun náà ló ń gbà.” Mo sunkún dé títì. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jẹun yó, mo sì sùn, mo rò pé ó ti tán.

Lọ́jọ́rú tí wọ́n tún padà wá, ìyàwó wọn di ọwọ́ wọn mú wá síwájú fèrèsé. Dókítà ti pààrọ̀ oògùn wọn. Baba rí mi, ojú wọn tàn.

“Dókítà, ẹ ṣé o. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Mi ò jẹ́ kí oògùn yín fò mí lọ́jọ́ kan nínú ààwẹ̀.”

Mo wo ìyàwó wọn. Òun náà ń wò mí, ó ń dúró de ohun tí n ó wí. Ìgbà náà ló yé mi pé ọ̀rọ̀ tí mo lọ sọ ní Pákátà ti lọ síbi tí àwọn sùúrà yẹn lọ, ìdáríjì náà sì ti bá a lọ. Ìlà gùn lẹ́yìn wọn.

Mo ní, “Àmín, Baba.”

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tèmi ní Tanke, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń rà lọ́wọ́ mi sì máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìbéèrè mi pọ̀ ju oògùn mi lọ. Bí ààwẹ̀ bá ti ń súnmọ́lé, gbogbo ẹni tó bá gba oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń bi bóyá wọ́n fẹ́ gbààwẹ̀, n kò sì ní dá wọn lóhùn àyàfi tí mo bá ti gbọ́ tẹnu wọn tán. Àwọn èèyàn ń yìn mí fún un. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, Baba dárí rẹ̀ jì mí, mo sì gbà pé wọ́n ṣe é tọkàntọkàn. Àmọ́ wọ́n wá síwájú fèrèsé mi fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó kú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé ni wọ́n ń dúpẹ́, ìyàwó wọn á sì máa wò mí. Mo lè tún òótọ́ náà sọ fún wọn nígbàkúùgbà nínú ọdún wọ̀nyẹn. Àmín ni mò ń ṣe.