Bàbá Mi Kò Rí Ìwé Tó Ń Kà

Láti kékeré mi ni bàbá mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Tudun Wada. Á ṣí Àlùkùránì síwájú, á tẹjú mọ́ ọn, á máa kà á geere, bó bá sì tó àkókò, á ṣí ewé. Ta ló máa rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ríran? Bó bá fẹsẹ̀ gbá búta àlùwàlá, ẹni tó gbé e síbẹ̀ la máa ń bá wí.

Nígbà tí àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní gulakóómà dé àdúgbò wa, tìtorí gíláàsì ọ̀fẹ́ ni bàbá ṣe bá mi lọ. Wọ́n ní àìsàn náà kì í dunni, díẹ̀díẹ̀ ló ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Wọ́n ní ó máa ń rìn nínú ẹbí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ yẹ bàbá wò tọmọtọmọ.

Dókítà obìnrin kan, Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa, gba Àlùkùránì ọwọ́ bàbá, ó ṣí i síbi tó wù ú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí fún mi."

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Kò kà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi, ìwọ ṣáà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, màá gbà á lẹ́nu ẹ."

Dókítà ka gbólóhùn kan. Bàbá já a gbà, ó ń kà á lọ láìkọsẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò wo ìwé mọ́, ojú bàbá ló ń wò. Ni mo bá figbe ta.

"Subhanallahi! Bàbá, ẹ ò rí i?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Kí ni mo tún fẹ́ rí níbẹ̀?"

 Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, ìyókù ni oògùn kíkán sójú lè bá wa pa mọ́. Ló bá kọjú sí mi.

"Ó kàn yín, mà."

Èmi kẹ̀? Èmi télọ̀ tí mò ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ní Sabon Gari láìwo ojú ẹnikẹ́ni!

Ó fi nǹkan bo ojú ọ̀tún mi, ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí iná kékeré bá ti ń ṣẹ́jú. Mo tẹ̀ ẹ́ fúngbà díẹ̀, iná ò tàn mọ́. Mo dúró títí. Mo pòṣé.

"Haba! Àwọn oníná yìí tún ti mú un lọ?"

Dókítà bẹjú wo ẹ̀rọ náà.

"Iná wà, mà. Ó ṣì ń ṣẹ́jú."