Ta Ni Yóò Fa Ìyá Ìjọ Dìde?

Nínú ìjọ wa, gbólóhùn kan ló ń sọ obìnrin di Ìyá Ìjọ. Obìnrin náà á kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, Pásítọ̀ á gbàdúrà sí i lórí, lẹ́yìn náà ọmọ rẹ̀ á jáde láàárín èrò, á dì í lọ́wọ́ mú, á fà á dìde, á wá kọjú sí gbogbo wa, á ní: "Ìyá mi nìyí. Mo fi í fún yín." Ó parí. Bí ọmọ kò bá sọ ọ́, obìnrin náà kò tíì jẹ Ìyá Ìjọ, ó kàn kúnlẹ̀ lásán ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fẹ́ẹ̀ da ìjọ wa rú.

Àǹtí mi ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, yàrá gígùn kan tí èéfín ti sọ òkè ògiri rẹ̀ di dúdú, ààrò bíríkì wà ní ìpẹ̀kun, tábìlì pákó wà láàárín, ọwọ́ sì ti po ìyẹ̀fun lórí rẹ̀ títí àárín rẹ̀ fi jẹ wọnú. Ìwúkàrà ni àwọn èèyàn ń pe Àǹtí, torí wọ́n ní kò sí ohun tó fọwọ́ kàn tí kì í wú, títí kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Òun náà wú díẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní kó dín oúnjẹ kù, á ní oníbúrẹ́dì tó rù, ta ló fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀?

Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì náà káàkiri. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Obìnrin tó bá ń bá àwọn ọkùnrin du ojú títì lójoojúmọ́, tí ẹnu rẹ̀ bá kú, inú kòtò ni yóò máa wakọ̀.

Àǹtí kò bímọ. Ọkọ tó fẹ́ dúró ná, ó ń retí, nígbà tó sú u, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àbúrò Àǹtí kan ṣoṣo ló bí mi, ọjọ́ tó bí mi náà ló sì kú. Àǹtí gbé mi kúrò nílé ìwòsàn, ó tẹ́ mi sínú àpótí ìyẹ̀fun tó ti ṣófo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní àwọn oníbàárà á ra búrẹ́dì tán, wọn á tún bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn wo ti inú àpótí. Òun ló fi ṣíbí bu mílíìkì sí mi lẹ́nu. Òun ló pọ̀n mí tó tún ń po ìyẹ̀fun. Òun náà ló nà mí lọ́jọ́ tí mo da ìyẹ̀fun sórí ológbò ilé ìfìwéránṣẹ́. Iṣẹ́ ìyá wo ló wá kù?

Ṣùgbọ́n kò gbà kí n pe òun ní ìyá. Bí mo bá ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀ ní kékeré, á ní, "Ìyá rẹ ló bí ọ. Èmi kàn ń bá a mú ọ dání ni." Bí mo ṣe ń pè é ní Àǹtí títí mo fi dàgbà nìyẹn. Bí àlejò bá sì bi í pé ta ni mo jẹ́ sí i, èsì kan náà ni: "Ọmọ àbúrò mi ni." Ó máa ń dùn mí. N kò sọ fún un rí, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí wọ egungun.

Nígbà tí Ìyá Ìjọ wa àtijọ́ lọ sinmi, Pásítọ̀ dá orúkọ Àǹtí. Ta ni ì bá tún dá? Òun ló ń ṣe búrẹ́dì tí a fi ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn aboyún ń sá lọ bí àyà wọn bá ń já, á fi wọ́n jókòó sórí àpótí, á fún wọn ní búrẹ́dì gbígbóná, á máa gbàdúrà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo àkàwé Jésù, ti obìnrin tó fi ìwúkàrà sínú ìyẹ̀fun ló fẹ́ràn jù. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ ọ, ṣe ni òun ń rí Ọlọ́run tó ká ọwọ́ aṣọ sókè, tí ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀, tó ń po ayé pẹ̀lú sùúrù. Kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ọkùnrin ló rí tàbí obìnrin. Èdè wa náà kò béèrè. "Ó" là ń pe Ọlọ́run, "ó" náà là ń pe ìyá ẹni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá lára mu ni Ìyá Onígíláàsì, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ọmọ méje ló bí, gbogbo wọn ló yè, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó ní ìwà kan: bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó máa dun èèyàn, á kọ́kọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, kó má bàa rí ojú ẹni tó ń sọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ tí a ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, òun ni wọ́n ní kó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Àdúrà náà gùn, ó sì dùn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. "Ọlọ́run abiyamọ," ó ní, "ìwọ tí o pọ̀n wá tí o kò sọ̀ wá kalẹ̀, ìwọ tí o ń rẹ̀ wá lẹ́kún." A ṣe àmín. Ó jókòó. Ó bọ́ gíláàsì.

"N kò bá ẹnikẹ́ni jà o," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kúnlẹ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ rí, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe ìyá fún àwa tí a kúnlẹ̀?"

Àǹtí ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ti ń dìde, ni Bàbá Alágogo bá wúkọ́. Bàbá tó ń lu agogo ìjọ wa nìyẹn. Oorun ló máa ń sùn ní ìpàdé, kò sẹ́ni tó retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ta lẹ gbàdúrà sí lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

"Ọlọ́run ni, Bàbá."

"Etí mi gbọ́ abiyamọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run abiyamọ."

"Ó dáa. Níbo lòun kúnlẹ̀ sí?"

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Pásítọ̀ fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìyá Onígíláàsì dúró kí a rẹ́rìn-ín tán. Kì í ṣe òmùgọ̀.

"Mo gbà fún Bàbá," ó ní. "Ó kù ọ̀kan. Ta ni yóò fà á dìde? Ọmọ ẹni ló ń sọ gbólóhùn yẹn. Lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ la sì ti ń gbọ́ pé ọmọ àbúrò òun ni èyí." Ó tọ́ka sí mi.

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, "Òótọ́ ló sọ. N kò lọ́mọ. Ẹ wá ẹlòmíràn." Ó sì jáde. Pásítọ̀ ní kí a má tíì pa ọ̀rọ̀ náà dé, pé títí di ọjọ́ Ìsinmi, àyè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ fún un.

Mi ò lè sọ bí ó ṣe dùn mí tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, mo wọlé bá a nídìí tábìlì. Ó ń po ìyẹ̀fun, kò gbójú sókè.

"Ẹ ò lọ́mọ," mo ní. "Kí wá ni èmi? Ẹrù tí wọ́n gbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, tí olówó rẹ̀ kò padà wá gbà á?" Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n kò fi ṣúgà sí i.

"Má bínú," ó ní. "Ìyá rẹ pàdánù ayé, ó pàdánù rẹ. Mo ṣèlérí lórí òkú rẹ̀ pé n kò ní tún gba orúkọ tó kù ú kù. Kí wọ́n máa pe ẹnìkan ní ìyá rẹ, kí ó jẹ́ òun."

"Òun ńkọ́? Kí ló sọ fún yín kó tó kú?"

N kò bi í rí, òun náà kò sì sọ ọ́ rí. Ó yí ìyẹ̀fun náà padà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un yí. "Kò lè sọ púpọ̀. Ó na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n gbé ọ sí, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba ọmọ yín.' Ẹni tó ń kú lọ ni, ó ṣì í sọ. 'Ẹ gba ọmọ mi' ló fẹ́ wí."

Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. "Àǹtí, ta ló sọ fún yín pé ó ṣì í sọ?"

Ó tún tẹ ìyẹ̀fun náà.

"Lọ́jọ́ tí Jésù wà lórí igi, tó fi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ han Màríà pé ọmọ rẹ̀ nìyẹn, ṣé òun náà ṣì í sọ? Ṣé Màríà ló bí ọmọkùnrin yẹn? Èémí tó kù ú kù kò tó nǹkan, ó sì fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá mi náà fi tirẹ̀ sọ ọ́. Ẹ ò já orúkọ ìyá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ṣe yín lọ́rẹ ni. Ẹ̀yin lẹ ò gbà."

Ọwọ́ Àǹtí dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí ọwọ́ obìnrin yẹn kó dúró lórí ìyẹ̀fun rí. Omijé ń bọ́ sórí rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Èmi sì ń tún un ṣe fún un."

Búrẹ́dì ọjọ́ náà kò dára rárá. Ó wú jù, ó sì tún rọlẹ̀. Mo gbé e lọ tà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ráhùn, mo wo ojú rẹ̀, ó dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ilé ìjọsìn kún dé ẹnu ọ̀nà, torí ọ̀rọ̀ ti káàkiri. Àǹtí jáde síwájú nínú aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà sí i lórí, ó ṣe àmín, ó wá gbójú sókè. "Ta ni yóò fà á dìde?"

Mo wo Ìyá Onígíláàsì ní ìlà iwájú. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ìdí gíláàsì. Mo ń rìn bọ̀, mo ń wò ó. Kò bọ́ ọ.

Mo di ọwọ́ Àǹtí mú, mo fà á. Kò dìde. Mo ti sọ fún yín pé ó wú díẹ̀. "Fà dáadáa," ó ní lábẹ́ ẹnu, "tàbí o ò tíì jẹun?" Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fi gbogbo agbára fà á, ó sì dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mí gúlegúle, kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo kọjú sí ìjọ. "Ìyá mi nìyí," mo ní.

Ẹnu mi yìí, tí àwọn awakọ̀ ń sá fún, kò lè kúrò níbẹ̀. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà kí Àǹtí má bá mi wí rí. Pásítọ̀ rò pé mo gbàgbé ìyókù ni, ó bá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ rán mi létí: "Mo fi í fún yín."

"Rárá, sà," mo ní. "Mo fi í yá yín ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gbà ni."

Ẹ̀rín àti igbe ayọ̀ ló gba ilé náà kan. Bàbá Alágogo kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti fo dé ìdí okùn, ó ń lu agogo bí ẹni tí ilé ń jó. Ẹni àkọ́kọ́ tó kúnlẹ̀ kí Ìyá Ìjọ tuntun ni Ìyá Onígíláàsì, gíláàsì wà lójú rẹ̀, omijé sì ti bò ó. "Ẹ kú oríire, Ìyá wa," ó ní. Ìyá wa gbá a mọ́ra títí gíláàsì náà fi wọ́.

Nígbà tí a jáde sí àgbàlá, oníwàásù àlejò kan wá kí wa. Ó bọ Ìyá Ìjọ lọ́wọ́, ó wá wò mí, ó béèrè pé, "Èyí ńkọ́?"

Mo ti mọ èsì náà láti kékeré, mo ti mú ara le dè é.

"Ọmọ mi ni," ni ìyá mi wí. "Òun ló ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì wa."