Sístà Kunegunda, Tí Àárẹ̀ Kì Í Fi Sílẹ̀

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Sístà Kunegunda, olùkọ́ ní ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wa, láàárín àwa ará Pólándì tó wà ní Buffalo ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ àga Ọ̀gbẹ́ni Haskell ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Haskell yìí ni ọ̀gá tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin tí àwọn ọkùnrin àdúgbò wa ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà òtútù ọdún 1934, irin já lu Jakub Mroczek lọ́wọ́, ó fọ́ ìka mẹ́ta. Haskell ní kí ó máa lọ sílé, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún sì kó kúrò nínú ilé iléeṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sístà wọlé sí ọ́fíìsì Haskell. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà, ó sanra, orúnkún sì ń dùn ún. Haskell dìde láti kí i. Bí ó ṣe dìde ni Sístà jókòó sórí àga rẹ̀.

“Ẹ má bínú, ó rẹ̀ mí.”

“Sístà, àga mi nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Òun ló sún mọ́ mi jù.”

Ó sọ ohun tó bá wá. Mroczek ò lè gbé irin mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì ṣì ń ríran. Kí wọ́n fi í ṣọ́ géètì. Haskell ní rárá. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lẹ́nu Sístà. Obìnrin tó ti ń ṣe ògbufọ̀ fún gbogbo wa láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kò mọ ohun tí “rárá” túmọ̀ sí mọ́. Ó bọ́ bàtà. Ó mú búrẹ́dì àti sọ́séèjì tí aáyù kún inú rẹ̀ jáde, ó jẹ wọ́n tán pẹ̀lú sùúrù, ó sì sùn lọ. Haskell wà lórí ìdúró láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, ara ògiri ló ti ń buwọ́ lùwé. Àwọn akọ̀wé ń yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbọ́ bí Sístà ṣe ń hanrun.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ro Haskell. “Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ kí n ṣe gan-an?”

Sístà la ojú kan. “Géètì,” ló wí, ní Gẹ̀ẹ́sì tó já geere.

Haskell kọ ìwé náà. Sístà kà á láti òkè délẹ̀, ó wọ bàtà, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn. “Àga yín le jù. Ẹ wá nǹkan rírọ̀ tẹ́ sórí rẹ̀ kí n tó tún wá.” Wọ́n ní kó tó di ọjọ́ Ẹtì, tìmùtìmù ti wà lórí àga náà.

Bó ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo nìyẹn. Kì í jà, kì í sunkún, ó kàn máa ń jókòó ni. Bí ẹlẹ́ẹ̀dú bá ní òun ò ní fún opó kan ní nǹkan kan, orí àpò èédú ni Sístà yóò ti sinmi, oníbàárà ò sì ní lè dé ìdí ọjà. Onílé kan rí i lókèèrè, ó sáré ti ilẹ̀kùn. Sístà jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta. Onílé náà wá rí i pé òun ti ti ara òun mọ́lé.

Ògbufọ̀ rẹ̀ náà ní bó ṣe rí. Ó mú Grabiec, ọkọ Ìyá Halina aládùúgbò wa, lọ sọ́dọ̀ dókítà. Káfíńtà ni Grabiec, ọtí líle sì ti fẹ́ bà á lẹ́dọ̀ jẹ́. Gbólóhùn kan péré ni dókítà sọ: kí ó fi ọtí sílẹ̀.

Sístà kọjú sí Grabiec. “Dókítà ní kí o fi ọtí sílẹ̀, kí o máa wá sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí o sì tún òrùlé ilé ìwé ṣe kí oṣù yìí tó tán.”

Ẹnu ya Grabiec. “Báwo ló ṣe mọ̀ pé òrùlé ilé ìwé ń jò?”

“Dókítà gidi ni. Kò sí ibi tí kì í yẹ̀ wò.”

Àwa mọ̀ pé ọgbọ́n ni “ó rẹ̀ mí” yẹn. Àwọn ọmọ wa pàápàá ń sín in jẹ. Fádà Ziemba, àlùfáà wa, nìkan ló gbà á gbọ́ nígbà kan, tó fi rán an lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé àwọn Sístà tó wà létí adágún. Ọjọ́ kẹrin, Sístà ti dé pẹ̀lú àpò rẹ̀.

“Ṣé kò sí o, Sístà?”

“Iṣẹ́ ìsinmi ibẹ̀ ti pọ̀ jù, Fádà. Agogo kí a tó sinmi, àdúrà kí a tó sinmi, àdúrà bí a bá sinmi tán. Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, kí n lè ráyè jókòó.”

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti Ìyá Halina ń bó pọ̀tétò fún oúnjẹ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Halina ní, “Sístà, onílé wa tún ti dé. Ẹ kọ́ èmi náà ní ọgbọ́n ó-rẹ̀-mí yìí.”

“Kì í ṣe ọgbọ́n, ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí ni.”

Ìyá Halina rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sístà náà rẹ́rìn-ín, ó sì mú pọ̀tétò mìíràn.

Nínú oṣù Kẹta ọdún 1951, lẹ́yìn Máàsì àárọ̀, Fádà Ziemba bá a lórí àga nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ Máàsì sí. Ó di ojú, ó ká ọwọ́ lé itan. Fádà rò pé nǹkan ló tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ó dúró, ó dúró, ó mí kanlẹ̀.

“Ó dáa, Sístà. A ó ra sítóòfù tuntun fún ilé ìwé.”

Sístà ò fèsì.

“A ó sì pààrọ̀ àwọn fèrèsé.”

Ìgbà tí ó fi fèrèsé kún un tí Sístà ò sì béèrè ìwé àdéhùn ni Fádà tó mọ̀ pé ó ti lọ.

Dókítà ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àìsàn ọkàn ti ń bá Sístà fínra, òun sì ti sọ fún un ní ojúkojú. Gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà ni Sístà máa ń túmọ̀ fún wa. Èyí nìkan ni kò túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsìnkú, àwọn obìnrin márùn-ún pín iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀kan dúró ti ọgọ́ta ọmọ ní kíláàsì. Ọ̀kan bá aláboyún kan lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀kan lọ sí kóòtù. Ọ̀kan fọ aṣọ pẹpẹ, ó sì lọ̀ ọ́. Ìyá Halina jókòó ti àwọn arúgbó tí kò mọ̀wé, ó bá wọn kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí àwọn ẹbí wọn ní Pólándì, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìkéde ikú.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn pàdé ní ilé ìdáná Ìyá Halina. Wọ́n bu tíì, ó tutù níwájú wọn. Kò sí ẹni tó bọ́ kóòtù, kò sí ẹni tó lágbára láti tú okùn bàtà. Ìyá Halina wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Òun nìkan ló ń ṣe gbogbo èyí?”

Èyí tó kéré jù nínú wọn na ọwọ́ sórí tábìlì, ó di ọwọ́ Ìyá Halina mú, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀.