Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Màmá Tíṣà Kọ Lójú Mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó yáa pè mí báyìí, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn ń ràn, tí mi ò mutí, tí ibà ò sì ṣe mí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe l'Ọ̀yọ́. Mo ti rí oríṣiríṣi ọ̀dẹ̀ tó máa gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí á ní àǹjọ̀nú ti wọ inú ẹ̀. Àǹjọ̀nú wo? Aáyán ni. Màá tú u lójú wọn, màá gbọn aáyán jáde, màá ní, "Ẹ wo àǹjọ̀nú yín." Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín dáadáa. Nítorí náà, bí irú èmi bá la ẹnu sọ pé òun rí nǹkan, ẹ yáa fetí sílẹ̀.

Màmá kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tíṣà. Wọ́n ti kọ́ni títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọlù wọ́n. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ahọ́n. Ọwọ́ òsì nìkan ló ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n orí wọn pé ṣáká. Èyí tó tiẹ̀ burú jù níbẹ̀ nìyẹn, kí orí èèyàn pé, kó má lè sọ̀rọ̀.

Ọmọ wọn obìnrin tó wà lókè òkun ló ra kọ̀ǹpútà ńlá kan ránṣẹ́, ó ní kí n bá àwọn wá bí Màmá á ṣe máa fi í sọ̀rọ̀. Mo gbé e sí páálọ̀, níbi tí Ìyá Ṣọlá máa ń jókòó sí. Ìyá Ṣọlá ni obìnrin Aládùúrà tó ń tọ́jú Màmá látàárọ̀ dalẹ́. Mo wá mú fóònù Màmá, mo fi búlútúùtù so ó mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Kò le rárá. Kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ wá ara wọn ni, orúkọ fóònù á yọ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó tẹ "Gbà", ó ti parí. Láti ìgbà náà, fóònù ti di ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà. Bí Màmá bá fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rọ̀ lórí ibùsùn nínú yàrá, á jáde gàdàgbà ní páálọ̀, agogo kékeré kan á sì dún.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, Ìyá Ṣọlá jó. Ọ̀rọ̀ tí Màmá kọ́kọ́ tẹ̀ ni "Omi". Wọ́n mu ún tán, wọ́n tún tẹ òmíràn sí Ìyá Ṣọlá: "Orin tí o kọ láàárọ̀, ohùn ẹ ò wọ̀ ọ́." Ẹ̀kẹta, èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ti sọ fóònù náà ní "Enu Mama". Màmá ní, "Ẹnjiníà, ta ló kọ́ ọ níwèé? Fi àmì sí i." Mo padà lọ fi àmì sí i: Ẹnu Màmá. Bó ṣe ń jẹ́ nìyẹn títí dòní.

Ó kù Dàpọ̀.

Dàpọ̀ ni àkọ́bí Màmá. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ó jù mí lọ dáadáa. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. "Ó" ni, títí n ó fi sọ̀rọ̀ mi tán. Irú ọkùnrin tó jẹ́ igbákejì dírẹ́kítọ̀ lásán, tí kò sì ní dáhùn ìkíni àyàfi kẹ́ ẹ pè é ní Dírẹ́kítọ̀. Bí ó bá wá kí ìyá ẹ̀, kì í jókòó. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á máa wo aago, bíi pé ẹlòmíràn ló bí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó pè mí wá sílé Màmá. Ó ti kun páálọ̀ ẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó ń wá ohun tó máa gbé síbẹ̀.

"Ẹnjiníà, tú gbogbo waya yìí, bá mi gbé e sẹ́yìn mọ́tò."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Màmá ló ń fi í sọ̀rọ̀ o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ wo? Géèmù ni wọ́n ń fi í ta. Kí ni arúgbó orí ibùsùn fẹ́ fi sikirínì tó tóbi báyìí ṣe? Àwọn ọmọ mi fẹ́ fi kàwé. Bí Màmá bá ń fẹ́ nǹkan, kí wọ́n gbá bẹ́ẹ̀dì, Ìyá Ṣọlá á gbọ́."

Agogo dún. Ọ̀rọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà, àmì pé lórí ẹ̀: "Dàpọ̀, má gbé e."

Ó kà á. Mo ń wo ojú ẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ó nawọ́ sára ògiri, ó fa waya yọ.

Èmi ni mo gbé e dé ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹ fẹ́ bú mi? Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Dàpọ̀ ti ṣèlérí pé èmi ni òun máa gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àwọn fún, ojú mi sì ti wọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá ni mo gbà kọjá. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà tí Ìyá Ṣọlá fi pè mí. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Ọ̀sán ni Màmá kú, nínú ooru ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyá Ṣọlá wà ní páálọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbọ́ nǹkan kan, ó rò pé oorun ni Màmá ń sùn. Nígbà tó wọlé, ètè wọn ti gbẹ, ó ti bó. Jọ́ọ̀gì omi kún dẹ́múdẹ́mú lórí tábìlì, lápá ọ̀tún, apá tí kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ òsì di fóònù mú, àtàǹpàkò wọn ṣì wà lórí ẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò kàn rí ibi tó máa jáde sí ni.

Àwọn tó wá wẹ òkú gbìyànjú láti gba fóònù náà, ìka Màmá kò tú. Ìyá Ṣọlá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹnu wọn ni." Bí wọ́n ṣe sin Màmá tòun ti fóònù nìyẹn, nínú ọgbà ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Dàpọ̀ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, ó ń nu ojú tí kò lómi. Ó ní òun ò jẹ́ kí ìyá òun ṣaláìní ohunkóhun rí. Ìyá Ṣọlá pòṣé débi pé àwọn tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn.

Oṣù kan ò tíì pé tí fóònù mi dún. Dàpọ̀ ni.

"Ẹnjiníà, kọ̀ǹpútà yẹn ń ṣe bíi wèrè. Fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́."

"Ṣé kò sí alátùn-ún-ṣe l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni?"

Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Mẹ́ta ló ti wá. Kò sí èyí tó padà wá gbowó ẹ̀."

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, kì í ṣe àánú ẹ̀ ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ lọ gbọn aáyán jáde níwájú ẹ̀ ni, kí n rẹ́rìn-ín mi, kí n máa padà bọ̀.

Mo wọ mọ́tò l'Ọ̀yọ́. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọ̀kadà ti já mi sẹ́nu géètì ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ jókòó sábẹ́ igi níta. Sítóòfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìkòkò wà lórí ẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, mà."

"Ẹ káàbọ̀. Dádì wọn wà nínú ilé."

"Ẹ ò ní wọlé?"

Obìnrin náà wo ẹnu ilẹ̀kùn, ó wò mí. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Ìta la ti ń dáná láti ọjọ́ mẹ́rin."

Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mo wọlé.

Ọ̀dà tuntun ń rùn ní páálọ̀. Kọ̀ǹpútà Màmá wà lórí tábìlì onígíláàsì, bíi ife tí wọ́n jẹ ní pápá. Dàpọ̀ jókòó sórí àga oníke kan lẹ́nu ọ̀nà, bàtà wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kò ní kí n pe òun ní Dírẹ́kítọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kún un. Omi. Omi. Omi. Mo ń fà á wálẹ̀, kò tán. Ojú ìwé ń tẹ̀ lé ojú ìwé.

Mo ní, "Kíbọ́ọ̀dù yín ló há." Mo fà á yọ, mo gbé e sórí àga.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jáde. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo tún sọ fún ara mi pé fóònù aládùúgbò kan ló ti so mọ́ ọn, irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ṣí ibi tí orúkọ àwọn ohun tó so mọ́ ọn máa ń wà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ẹnu Màmá. Ó ti so pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò bá mọ̀. Búlútúùtù kì í rìn jìnnà. Láti yàrá kan sí ìkejì, bí ògiri bá nípọn jù, ó lè má kọjá. Fóònù tí mò ń sọ yìí wà nínú ilẹ̀ l'Ọ̀yọ́, bátìrì ẹ̀ á ti kú kí iyẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ tó gbẹ.

Mo yọ orúkọ náà kúrò. Ojú kọ̀ǹpútà dákẹ́. Mo mí kanlẹ̀.

Àpótí kékeré kan yọ: Ẹnu Màmá fẹ́ so pọ̀. Ṣé ẹ gbà? Mo tẹ "Rárá". Ó tún yọ. Mo tún tẹ "Rárá". Lẹ́ẹ̀kẹta, kò bi mí mọ́. Agogo dún, ọ̀rọ̀ náà sì tún ń jáde.

Dàpọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ohùn ẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Kí ló ń fẹ́?"

"Ṣé ẹ ò lè kàwé ni, sà?"

"Pa á. Fa waya ẹ̀ yọ."

"Ẹ fà á yọ fúnra yín. Ẹ mọ̀ ọ́n fà."

Ó dìde. Ó fa waya náà yọ. Ó mú un dání, ó ń wò ó bí ẹni tó di ìrù ejò mú.

Kọ̀ǹpútà kò kú.

Iná kò wọ inú ẹ̀ mọ́, kò sì ní bátìrì. Mo fi ojú mi wo ìdí waya náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Gbogbo "Omi" tó kún ibẹ̀ pa rẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kò fo àmì kankan: "Dàpọ̀, ọ̀fun mi gbẹ."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìwájú orí ẹ̀ kanlẹ̀. Ó ń sọ "Màmá, ẹ má bínú, Màmá, ẹ má bínú." Ìgbà tí wọ́n wà láyé, kò jókòó tì wọ́n rí. Ẹ̀gàn tó wà nínú mi sí i nígbà náà, n kò lè wọ̀n ọ́n fún yín. Mo fẹ́ tutọ́ sí i lórí.

Agogo tún dún. Mo gbé ojú sókè.

"Ẹnjiníà, ìwọ lo gbé e."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé títì. Àpò irinṣẹ́ mi wà níbẹ̀ títí dòní, mi ò sì ní lọ gbà á. Ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí pé ta ló ń lé mi, mo ní kó ṣáà máa lọ.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ ro gbogbo ẹ̀ fún Ìyá Ṣọlá. Kò ya obìnrin náà lẹ́nu. Ó ní gbogbo àárọ̀ lòun máa ń bu omi sórí ibojì náà, pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń fà á mu gbùn kó tó tàn ká. Ó ní kí a gba kọ̀ǹpútà náà padà, kí a gbé e sí páálọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kan sì máa jókòó tì í. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀. A pe Dàpọ̀.

Ẹ ò ní gbà gbọ́. Ẹ̀rín ti padà sẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí, ìgbàgbọ́ asán ló ń dà yín láàmú. Mo ti tà á."

Mo ní, "Ta lẹ tà á fún? Ṣé ẹ sọ fún un?"

"Sọ kí ni fún un? Ẹnì kan tó fẹ́ ṣí ibi ìtẹ̀wé ni. Mo ti pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́." Ó já fóònù.

Mo ti wá a. Mo ti béèrè nílé ìtẹ̀wé tó lé ní mẹ́wàá l'Ógbómọ̀ṣọ́, títí kan àwọn tó wà níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, bí èmi náà ti máa ń wo àwọn aláǹjọ̀nú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà lágbègbè náà, ẹ gbọ́. Bí ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín, tí àpótí kékeré kan yọ tó ní Ẹnu Màmá fẹ́ so pọ̀, ẹ má tẹ "Rárá". Èmi ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì tẹ "Gbà", torí mi ò mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ẹ rọra dìde níbẹ̀. Ohun yòówù tí ẹ fẹ́ tẹ̀, ẹ jẹ́ kó dọ̀la, lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.